Ta Ni Yóò Sọ Ìtàn Ọ̀mì? Èrò Kan Lórí Àwọn Òǹwòran Bọ́ọ̀lù Ilé-Ẹ̀kọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Apìtàn

Nínú eré ayò ọlọ́pọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì borí, ọ̀mì ni. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti kúrò nídìí ọpọ́n, wọ́n ti bọ́ sórí pápá. Lónìí, bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bá ń ròyìn bọ́ọ̀lù, ayò ni yóò sọ pé ẹgbẹ́ kan jẹ, ọ̀mì ni yóò sì pè é bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ṣe déédéé. Ṣùgbọ́n ohun pàtàkì kan wà nídìí ọpọ́n tí àwa olùkọ́ èdè kò tí ì fiyè sí lórí pápá, òun sì ni ẹnu òǹwòran. Ẹni tó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò rí mọ̀ pé àwọn tí ń wò ló ń sọ̀rọ̀ ju àwọn tí ń ta á lọ. Àwọn ni wọ́n ń fi ọ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn náà ni wọ́n ń rántí pé ní ọdún báyìí, lábẹ́ igi odán báyìí, lágbájá pa làkáṣègbè láyò títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí a bá ti kó ọmọ ayò sínú àpò, ẹnu àwọn wọ̀nyí nìkan ló kù tí eré náà ń gbé.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ìtàn tí àwọn òǹwòran ń sọ nípa ìdíje bọ́ọ̀lù láàrin ilé-ẹ̀kọ́ méjì jẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn, pé ó ní ìlànà tirẹ̀, àti pé ó yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa máa gbà á sílẹ̀ kí ó tó parun. A óò kọ́kọ́ rin ìrìn-àjò jìnnà kí a tó padà sílé. Ìdí tí a fi fẹ́ lọ jìnnà ni pé ibi kan wà ní Amẹ́ríkà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kékeré méjì ti ń bá ara wọn díje láti ọdún 1890, tí ìtàn apá kìíní àti ti apá kejì sì dúró gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó rọrùn láti fi wọ́n wéra.

Ìpínlẹ̀ Indiana ni ibi tí à ń wí. Wabash College wà ní ìlú Crawfordsville. Ọdún 1832 ni wọ́n dá a sílẹ̀, títí di òní olónìí ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. DePauw University wà ní ìlú Greencastle. Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀ ní 1837. Ọ̀nà tó wà láàrin ìlú méjèèjì kò tó 30 máìlì. Kò sí èyí tó tóbi nínú wọn, wọn kì í sì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ nítorí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Àwọn ọmọ tí ń bọ́ sórí pápá yìí mọ̀ pé dókítà, agbẹjọ́rò, olùkọ́ tàbí oníṣòwò ni àwọn yóò dà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi gbogbo ara gbá a.

Kí òǹkàwé má baà ṣìnà, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tiwa. Bọ́ọ̀lù wọn gùn gbọọrọ, ó ní ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì; ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré tàbí tí wọ́n fi ń jù ú síra wọn. Ènìyàn 11 ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbé bọ́ọ̀lù dé inú ilé ọ̀tá, àmì mẹ́fà ni. Bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì kọjá, àmì mẹ́ta ni. Ìyẹn ti tó fún ohun tí a fẹ́ sọ.

Ẹ̀bùn tí wọ́n ń dù kò níye lórí lọ́jà. Agogo ni. Láti ara ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti yọ ọ́: iléeṣẹ́ reluwé Monon, tí ojú irin rẹ̀ gba ìlú méjèèjì kọjá, ló fi í ta wọ́n lọ́rẹ ní 1932. Ìwúwo rẹ̀ ju ti àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ. Wọ́n kun apá kan rẹ̀ ní àwọ̀ pupa tí í ṣe ti Wabash, wọ́n sì kun apá kejì ní àwọ̀ góòlù tí í ṣe ti DePauw. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá borí ni yóò gbé agogo náà lọ fún odidi ọdún kan. Ó wá dùn mọ́ni pé ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn gan-an tí agogo dé, òdo sí òdo ni wọ́n gbá. Ọ̀mì!

Nínú gbogbo ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ, méjì ni a fẹ́ mú jáde, nítorí pé ìbejì ni wọ́n. Ní 2001, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àmì 21 sí 21 ni. Jake Knott ti Wabash ju bọ́ọ̀lù náà sókè réré, ọ̀nà bíi yáàdì 52, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi àdúrà ránṣẹ́. Kurt Casper fò sókè, ó fi ọwọ́ ta á. Kò sì tí ì balẹ̀ tí Ryan Short fi hán an, tó gbé e wọlé ọ̀tá. Àsìkò tán síbẹ̀: 27 sí 21. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Wabash ti sọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí lórúkọ. ‘Ìhán Náà’ ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò hán bọ́ọ̀lù rí láyé. Ní 2007, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, àmì 21 sí 21 ni ó tún kù, eré sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lọ́tẹ̀ yìí Jordan Havercamp ti DePauw ló dúró ní ọ̀nà bíi yáàdì 47, tó fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó kọjá nígbà tí ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré àti díẹ̀ kù. 24 sí 21.

Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe bára mu. Iye àmì kan náà ni wọ́n jọ ní kí ọ̀rọ̀ tó yí padà, ọgbẹ́ kan náà ló sì dá sí apá kejì lára. Bí a bá ka ìwé àkọsílẹ̀ nìkan, a óò rò pé kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn òǹwòran, ayé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Fún ará Wabash, ti 2001 ni gígùn, ti 2007 ni kúkúrú; fún ará DePauw, òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹni tó ń sọ èyí tó dùn mọ́ ọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì. Ibi tó dúró sí ni yóò kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà bí òtútù ṣe mú tó (oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń gbá a), ẹni tó dúró tì í, ẹni tó ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tó sì ti kọrí sí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó tètè lọ yẹn kì í gbẹ́yìn nínú irú ìtàn báyìí. Òun ni àpẹẹrẹ aláìnígbàgbọ́, a sì nílò rẹ̀ kí ìyanu tó lè jẹ́ ìyanu. Àwa tí à ń kọ́ni ní ìlànà àlọ́ àpagbè mọ irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀.

Èyí tí a fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbé yẹ̀ wò jù ni ìtàn ẹni tí a nà. Ẹni tó borí kò nílò ọgbọ́n púpọ̀ láti sọ̀rọ̀. Àmì tó wà lójú pátákó ti bá a sọ ọ́. Ẹni tí a nà ló ní láti wá ọ̀rọ̀. Yóò ní afẹ́fẹ́ ló gbé bọ́ọ̀lù. Yóò ní rẹfirí kò rí ohun tí gbogbo ayé rí. Yóò sọ ti ọdún mìíràn tó ti wá borí. Tàbí kí ó ṣe ohun tó ṣòro jù, kí ó yin ọ̀tá rẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí pé ó mọ̀ pé bí ẹni tó na òun bá jẹ́ akọni, ìtìjú òun dín kù. Ìsọ̀rọ̀ ni gbogbo èyí. Ọnà-èdè ni.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá náà ń ṣe é. Ní 1968, Harvard àti Yale gbá 29 sí 29. Harvard ló jẹ àmì 16 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 42 tó kẹ́yìn. Ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard gbé e jáde pé Harvard na Yale, 29 sí 29. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ọ̀mì kì í ṣe ìṣẹ́gun, síbẹ̀ kò sí ẹni tó pe akọ̀ròyìn náà ní òpùrọ́. Ní 2008, Kevin Rafferty ṣe fíìmù kan nípa eré yìí. Ó jókòó ti àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù náà lápá méjèèjì, wọ́n ti di àgbàlagbà, ó sì jẹ́ kí oníkálùkù sọ tirẹ̀. Ọgbọ́n tí ó lò kò ju ti ẹni tó lọ gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà ní ààfin lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìtàn bọ́ọ̀lù ló jẹ́ ẹ̀rín. Ní 1910, ọmọ Wabash kan tí ń jẹ́ Ralph Wilson fara pa nígbà tí wọ́n ń bá Saint Louis gbá bọ́ọ̀lù, ó sì kú. Wabash fagi lé gbogbo eré tó kù lọ́dún náà. Wọ́n máa ń sọ ọ́ níbẹ̀ pé ohun tí ọmọ náà béèrè kẹ́yìn ni bóyá Wabash borí. Bóyá ó béèrè bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, bóyá àwọn tó kù lẹ́yìn ló nílò pé kí ó béèrè bẹ́ẹ̀, apìtàn kò yà á sọ́tọ̀. Onímọ̀ ìtàn lè kùn sí i. Àwa ní ẹ̀ka lítíréṣọ̀ kò gbọdọ̀ kùn. Ohun tí àwùjọ kan fẹ́ kí òkú rẹ̀ ti sọ jẹ́ ẹ̀rí nípa àwùjọ náà fúnra rẹ̀.

Ti olè agogo náà tún wà. Ní 1965, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Wabash kan múra bí àlejò pàtàkì, ó lọ sí DePauw, ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú láti orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n mú un rìn káàkiri, títí tí ó fi mọ ibi tí wọ́n gbé agogo pamọ́ sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí agogo fi dàwátì. Ẹni tó bá ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá kò ní ṣòpò mọ irú ìtàn tí èyí jẹ́: aláìlágbára wọ aṣọ ọlọ́lá, ọlọ́lá fi ojúkòkòrò ìyìn ṣílẹ̀kùn fún un. A kò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ máa jí ohun-ìní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn o. Ní orí ilẹ̀ tiwa, tí ìdíje ti ń di ìjà òkúta àti igi nígbà mìíràn, irú àwàdà bẹ́ẹ̀ lè gbé ènìyàn dé àgọ́ ọlọ́pàá kí ó tó gbé e dé inú ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wà láti fi na ọ̀tá, ọwọ́ kì í sábà yá sí igi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Àwa náà ní irú ìdíje yìí. Ní ìlú Èkó, a ní St. Gregory’s College ní Ọbaléndé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928, a sì ní St. Finbarr’s College ní Akọkà, tí Fadá Denis Slattery, ọmọ Ireland, dá sílẹ̀ ní 1956. Ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ni méjèèjì, ìdíje ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ló sì sọ wọ́n di abánidíje. Slattery yìí kì í ṣe àlùfáà lásán; ó ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald, ó sì ti fọn fèrè gẹ́gẹ́ bí rẹfirí. Láti orí pápá Akọkà ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti gbéra. Nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní ayò mẹ́ta sí òdo ní Sùúrùlérè ní 1980 tí a gba ife Áfíríkà, ọ̀dọ́langba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá ilé-ìwé dé ni Nwosu nínú ẹgbẹ́ náà. Keshi ní tirẹ̀ ni balógun ẹgbẹ́ tó gba ife náà ní 1994, òun náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí a tún gbà á ní 2013, kí ó tó papò dà ní 2016.

Gbogbo èyí wà nínú ìwé. Èyí tí kò sí nínú ìwé ni ohun tí ọmọ kíláàsì kejì tó gun orí ògiri rí ní ọjọ́ tí Gregory’s àti Finbarr’s pàdé. Orin tí wọ́n fi bú ara wọn láti inú ọkọ̀ mọ́lúè. Ohun tí ìyá alákàrà tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pápá sọ sí agbábọ́ọ̀lù tó ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn òpó. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi sọ púpọ̀ nínú rẹ̀, Yorùbá Èkó tó ti gba gbogbo ayé mọ́ra. Ìjọba gba ilé-ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní ẹ̀wádún 1970. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá wọn padà ní 2001. Láàrin àsìkò náà, ọ̀gá wá, ọ̀gá lọ, ìwé àkọsílẹ̀ rí ojò. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní 1975 ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Bí wọ́n ti ń pa ojú dé ni ìtàn ń bá wọn wọ ilẹ̀.

Ohun tó ń dun ni jù ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ṣe aláìmọ ìtàn bọ́ọ̀lù. Bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Istanbul ní 2005, wọn óò sọ fún ọ pé Milan ti jẹ ayò mẹ́ta kí wọ́n tó lọ sinmi, pé Liverpool dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, tí wọ́n sì fi góòlù wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ borí. Wọn óò sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn ò sì tí ì dáyé nígbà náà. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè eré tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn gbá nínú ìdíje NICEGA, kódà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹnu á wọ́hò. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni a kò rán wọn lọ béèrè.

A mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan yóò ní àṣà kọ́ ni bọ́ọ̀lù, pé àwọn òyìnbó ló gbé e wá. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé ṣé ìjàkadì ni àṣà? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ oríkì Ọ̀fà mọ̀ pé ìdíje àti ewì ti ń jẹun nínú àwo kan náà tipẹ́. Ohun èlò lè yí padà. Ẹnu tí ń yin, tí ń bú, tí ń ṣẹ̀fẹ̀ kò yí padà. Àwọn mìíràn yóò ní irọ́ ló pọ̀ nínú ìtàn òǹwòran. Òótọ́ ni, ó pọ̀. Ayò méjì á di mẹ́rin kí ìgò ọtí tó tán. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Karin Barber ṣe ní Òkukù, tó gbé jáde ní 1991, ti fi yé wa pé oríkì kì í ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyìn nìkan. Àléébù àti ìfàsẹ́yìn náà ní àyè níbẹ̀, ẹni tí à ń kì sì ń fi wọ́n yangàn. Iye ayò wà nínú ìwé ìròyìn, ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àfikún tí apìtàn ṣe ni iṣẹ́ tiwa.

Iṣẹ́ náà kò nílò owó ńlá. Fóònù tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè gba ohùn sílẹ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n bá lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ni kọ́ra ní àwọn ilé-ìwé gíga, ìlú tí ilé-ìwé méjì ti ń bá ara wọn díje kò ní ṣàìsí. Kí wọ́n wá àgbàlagbà mẹ́ta ní apá kìíní, mẹ́ta ní apá kejì, kí wọ́n bi wọ́n nípa eré kan náà. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn àti ẹ̀ka-èdè oníkálùkù, láì tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Ìtàn Wabash, nítorí irú ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́, ìtàn àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. A kò ní àwáwí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ń ta omi àti gúgúrú lẹ́bàá pápá fún 20 ọdún ti wo eré ju ọ̀gá ilé-ìwé lọ.

Kí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ayò. Ẹni tí a bá bi ní iye ayò yóò dáhùn ní gbólóhùn kan, yóò sì dákẹ́. Kí wọ́n bi í pé, “Níbo lẹ dúró sí lọ́jọ́ náà, bàbá?”